Bàbá Wa Ló Kọ́ Ìyá Wa Ní Ọkọ̀ Wíwà

"Ìyàwó" ni bàbá wa ń pe ìyá wa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, orúkọ náà kò sì yí padà nígbà tí àwa ọmọbìnrin mẹ́ta dé. Kò yí padà nígbà tí èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn, tí mo bí ọmọ tèmi. Àwọn obìnrin ilé máa ń fi ìyá wa ṣẹ̀fẹ̀ nítorí rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyàwó tuntun, ọkọ yín ń pè yín o." Ìyá wa á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dìde lọ jẹ́ ìpè.

Àdúgbò àtijọ́ ni ilé wa wà ní Ìwó, níbi tí ilé kéwú ti pọ̀ ju ṣọ́ọ̀bù lọ. Bàbá wa kì í ṣe alfa, wọn kì í sì í ṣe olówó. Àgbẹ̀ ni wọ́n. Oko ọsàn àti ẹ̀gẹ́ wọn wà lọ́nà Kuta, lórí ilẹ̀ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ baba tiwọn, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní píkọ́ọ̀pù, ni wọ́n fi ń kó irè oko wálé. Ọkọ̀ náà ti dàgbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Búrọ́ọ̀ṣì ni bàbá wa fi kùn ún ní búlúù, tí èèyàn bá sún mọ́ ọn, yóò rí ojú ọ̀nà búrọ́ọ̀ṣì náà kedere lára ilẹ̀kùn. Ní gbogbo àárọ̀ Jímọ́ọ̀, wọ́n á fi ọṣẹ àti kànrìnkàn wẹ ọkọ̀ náà kí wọ́n tó ronú pé àwọn náà ní ara tí wọ́n máa wẹ̀.

Ìyá wa á ní, "Ọkọ̀ yìí ti múra tán. Ó ku ẹni tí ó máa gbé e lọ sí mọ́ṣáláṣí."

Bí bàbá wa bá ti wọkọ̀, orin ló kàn. Ohùn wọn kò dára rárá, wọ́n sì mọ̀. Tí wọ́n bá rí àgbàlagbà tó ru ẹrù lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró, wọ́n á bọ́ sílẹ̀, wọ́n á kí onítọ̀hún dáadáa, wọ́n á gba ẹrù orí rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, wọ́n á tún béèrè gbogbo ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìdí nìyẹn tí ìrìn oko wa kì í fi í yá. Bí a bá jáde nílé pẹ̀lú ìtura òwúrọ̀, oòrùn á ti mú kí a tó fojú kan igi ọsàn.

Mo wà ní kíláàsì kẹrin ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá wa lọ tọ́jú ìyá tiwọn tó ń ṣàìsàn ní Ilé-Ogbó. Ilé ku àwa àti bàbá wa. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń yẹ irun wa wò níléèwé, irun orí mi sì ti rí wúruwùru. Bàbá wa wò mí títí, wọ́n lọ gbé àpótí ìjókòó, wọ́n ní kí n wá jókòó sílẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ wọn.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ irun ún dì?"

Wọ́n ní, "Mo ti ń wo ìyá rẹ tipẹ́."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fi di í. Ìlà kan tóbi, èkejì tínrín, gbogbo rẹ̀ sì wọ́ sí apá òsì. Nígbà tí mo dé iléèwé, tíṣà mi dá mi dúró, ó ní ta ló di irun yìí fún mi. Mo ní bàbá mi ni. Ó nahùn pe tíṣà kejì pé kó wá wò ó. Ó ní, "Ọmọ yìí, bàbá rẹ̀ ló jókòó dirun fún un." Àwọn méjèèjì ń wo orí mi bí ẹni ń wo ohun iyebíye. Ọrùn gígùn ni mo nà kiri iléèwé lọ́jọ́ náà.

Irú ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ nìyẹn. Bí ìyá wa bá se ìrẹsì, bàbá wa mọ̀ pé ìdí ìkòkò tó ti le tó sì jó díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Àwọn fúnra wọn á mú ṣíbí, wọ́n á há a títí, wọ́n á kó o sínú àwo ìyá wa, wọ́n á sì lé àwa ọmọ sẹ́yìn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ìfẹ́ létí wa. Àwo ìrẹsì yẹn la fi mọ̀.

Ibà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà. Àwa ọmọ ti lọ sílé ọkọ tán nígbà náà, àwọn méjèèjì nìkan ló jọ ń lọ sóko. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti kó ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ tán nígbà tí òtútù mú bàbá wa. Wọ́n ń gbọ̀n, eyín wọn ń lu ara wọn, ọwọ́ wọn kò lè di sítíárìn mú. Ìyá wa tẹ́ aṣọ sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n tẹ́ bàbá wa lé e, wọ́n tún tú ìborùn wọn bò wọ́n. Fóònù kò mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀. Ìyá wa kò lè fi wọ́n sílẹ̀ lọ wá èèyàn, wọn kò sì lè gbé wọn. Wọ́n jókòó tì wọ́n báyẹn títí ọkùnrin kan láti Olúpọ̀nnà fi gun ọ̀kadà kọjá. Òun ló fi ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀ nínú oko, tó wa ọkọ̀ gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Ìwó.

Ìyá wa ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí fún mi. Àárọ̀ ọjọ́ tí bàbá wa kọ́kọ́ jẹun dáadáa ni. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, wàá kọ́ ọkọ̀."

Ìyá wa fọwọ́ kan wọ́n níwájú orí. "Ara yín ti tutù."

"Mo mọ̀ pé ó ti tutù. Orí mi pé. Ká ní mo kú sábẹ́ igi ọsàn yẹn ńkọ́? Ẹsẹ̀ lo máa fi rìn dé Ìwó."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò ní mo máa kú. Ọkọ̀ ni mo ní kí o kọ́."

"Èmi tí mo ti ní ọmọ-ọmọ? Kí ni àwọn èèyàn á sọ?"

"Wọ́n á sọ tiwọn," ni bàbá wa wí, "àwa á sì máa lọ."

Nígbà tí mo wálé fún Iléyá ọdún náà, mo fojú ara mi rí i. Pápá iléèwé tó wà lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, ní ọjọ́ Àìkú tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá wa jókòó sí ipò awakọ̀ nínú híjáàbù funfun, tìmùtìmù kan wà lábẹ́ wọn kí wọ́n lè ríran kọjá iwájú ọkọ̀. Bàbá wa jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọwọ́ kan lórí bíréèkì ọwọ́, ọwọ́ kejì lójú fèrèsé, ara wọn balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìnáwó. Àwọn aládùúgbò ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri láti wòran.

Ọkọ̀ náà fò síwájú bí ọ̀pọ̀lọ́, ó sì kú. Àwọn tó ń wòran rẹ́rìn-ín. Ìyá wa bo ojú wọn.

Mo gbọ́ tí bàbá wa ní, "Ọkọ̀ ló kú. Ìwọ ò kú. Tún un tàn."

Ìyá wa tún un tàn, ó tún kú. Bàbá wa kò pariwo lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní, "Ìyàwó, gbọ́ mi. Nígbà tí ọmọ bá sùn lẹ́yìn rẹ, báwo lo ṣe máa ń gbé e kalẹ̀ sórí ẹní tí kò fi ní jí?"

"Jẹ́ẹ́jẹ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí o ṣe gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Má jẹ́ kó jí."

Ọkọ̀ rọra gbéra. Ó rìn láti ẹ̀gbẹ́ igi ìrókò títí dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ìyá wa ń pariwo "Bàbá ọmọ mi, ó ń lọ, ó ń lọ," bí ẹni pé ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ ni ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n gbàgbé bíréèkì. Ọkọ̀ wó òpó góòlù tí wọ́n fi ọparun ṣe, ó gùn ún kọjá kó tó dúró. Gbogbo pápá hó. Bàbá wa bọ́ sílẹ̀, wọ́n yẹ iwájú ọkọ̀ wò, wọ́n yẹ ọparun náà wò, wọ́n ní, "Góòlù nìyẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, ìyá wa náà wá ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, bàbá wa gé ọparun tuntun, wọ́n ri òpó náà padà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí òpó wó yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹbí, fi ọ̀pá tilẹ̀ dé pápá. Ẹnì kan ti lọ sọ fún wọn. Àwọn tó ń wòran yà fún wọn.

Wọ́n bi bàbá wa pé, "Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mò ń kọ́ ìyàwó mi ní ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Obìnrin wo nínú ilé wa ló ti wa píkọ́ọ̀pù rí?"

"Kò tíì sí, sà. Òun ló máa kọ́kọ́ wà á."

Ẹ̀gbọ́n wọn wò wọ́n. Bàbá wa dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú jàlámíà tí ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ ṣàdúà fún wa ni." Bàbá àgbà náà pòṣé, wọ́n sì yí padà lọ. Bàbá wa dìde, wọ́n gbọn ara, wọ́n gun ọkọ̀ padà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ibo la bá a dé?"

Mo ti lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó pọ̀ láyé mi, mo sì ń kọ́ ọmọ èèyàn nísinsìnyí, àmọ́ n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti bọ̀wọ̀ fún àgbà, tí wọ́n tún ṣe ohun tó wà lọ́kàn wọn, bíi ti ìrọ̀lẹ́ yẹn.

Díẹ̀díẹ̀ ni ìyá wa mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ bí a ṣe ń yí po pápá, wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn, wọ́n mọ jíà kìíní àti èkejì. Ibi tí wọ́n ti kọ̀ jálẹ̀ ni ọ̀nà ọ̀dà. Bàbá wa á ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dé ìta lónìí. Ìyá wa á ní, "Àwọn ọlọ́kadà yẹn kì í wẹ̀yìn. Mi ò ṣe." Bàbá wa á ní ṣé lọ́la ni. Ìyá wa á ní lọ́la. Ọ̀rọ̀ ọ̀la yìí wà bẹ́ẹ̀ láàárín wọn, ó ti di eré, títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni. Bàbá wa ṣì jókòó lórí ẹní ìrun, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ wọn, nígbà tí wọ́n ní àyà ń dun àwọn. Aládùúgbò kan gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Ìyá wa ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn ni pé kí ìyá wa lọ wá nǹkan fi sẹ́nu, pé ilẹ̀ ti mọ́ tipẹ́. Kó tó di ìrun àyílà, wọ́n ti lọ.

Ìbàdàn ni ìròyìn bá mi. Mo dé Ìwó nígbà tí wọ́n ń tò láti kírun sí wọn lára. Mo ti ń sunkún láti inú ọkọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yọ sí àdúgbò wa, ẹkún náà dá dúró fúnra rẹ̀ nítorí ohun tí mo rí. Èèyàn kún ojú ọ̀nà. Àwọn arúgbó láti Kuta wà níbẹ̀, ti Olúpọ̀nnà wà níbẹ̀, àwọn tí mi ò mọ̀ rí, àwọn tó ti jókòó lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù wa pẹ̀lú igbá àti apẹ̀rẹ̀ wọn. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ ò jẹ́ kí n ru ẹrù lójú ọ̀nà rí." Ó ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbé orí mi sókè tẹ̀lé àwọn èèyàn lọ sin bàbá mi.

Ìyá wa wọ opó. A gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, adìẹ ilé sì sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di ibi ìyé ẹyin. Láti ojú fèrèsé yàrá wọn, ìyá wa ń rí i ní gbogbo ọjọ́.

Nígbà tí opó fẹ́ẹ̀ tán, ẹ̀gbọ́n bàbá wa pe ìpàdé sí pálọ̀ wa. Wọ́n ní ọmọbìnrin ni bàbá wa bí, kò sì sí èyí tó mọ ọkọ̀ wà nínú wa. Wọ́n ní kí a ta ọkọ̀ náà kó tó dípẹtà tán, ẹni tó fẹ́ rà á wà nílẹ̀. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìkà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹkún àbúrò wọn ti tán wọn lókun. Ohùn ìyá wa wá jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ti opó jáde ná."

Ẹ̀gbọ́n bàbá wa fi ọ̀pá wọn fa ìlà sórí kápẹ́ẹ̀tì. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "A ó dúró dè ọ́."

Ìyá wa jáde opó ní àsìkò tí ọsàn pọ́n. Iléèwé ti gba ìsinmi, mo sì wà lọ́dọ̀ wọn. Awakọ̀ kan tí a bẹ̀ lọ́wẹ̀ wá kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan, kò tún yọjú mọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ní ọ̀nà oko wa kò dára fún ọkọ̀ òun. Ọsàn ń já bọ́, ó ń jẹrà sílẹ̀. A lọ síbẹ̀ lórí ọ̀kadà, ìyá wa dúró láàárín igi, wọ́n ṣa ọ̀kan nílẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, ó fọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí a ṣe délé, wọ́n ní, "Bá mi mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wá."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ fún ẹni tó fẹ́ rà á ni. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo mú un wá. Wọ́n lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n lé adìẹ sọ̀kalẹ̀, wọ́n jókòó sí ipò awakọ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Kò dún. Bátìrì ti kú.

Mẹkáníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá wa wá lọ́jọ́ kejì. Ó sáàjì bátìrì, ó fẹ́ táyà, ó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó ní, "Ìyá, tí ẹ bá fẹ́, èmi náà lè bá yín gbé e dé oko."

Ìyá wa ní, "Ẹ ṣeun. Ẹ ṣáà bá mi wo bíréèkì rẹ̀ dáadáa."

Pápá iléèwé la kọ́kọ́ lọ. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ni mo jókòó síbi tí bàbá wa máa ń jókòó sí. Ọkọ̀ fò, ó kú. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtùnú, mo gbọ́ tí ìyá wa ń sọ fún ara wọn pé, "Ọkọ̀ ló kú. Ìwọ ò kú." Wọ́n tún un tàn. Ẹsẹ̀ òsì wọn gbéra jẹ́ẹ́jẹ́, mo rí ètè wọn tó ń mì, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń rántí. A yí pápá náà po. A tún un yí po. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, a padà síbẹ̀, ìyá wa kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ kú rárá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé ìyẹn, a dé ẹnu géètì pápá, mo rò pé wọ́n máa yí padà. Wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì, wọ́n ní, "Bìsìmílàhì." A bọ́ sórí ọ̀dà.

Òógùn bò mí. Ọ̀kadà kan gba iwájú wa kọjá, ìyá wa tẹ bíréèkì, wọ́n ní "Ọlọ́run á mú ọ délé," wọ́n sì ń bá tiwọn lọ. Nígbà tí a kọjá àwọn ilé tó kẹ́yìn ní ìlú, tí ọ̀nà Kuta ṣí sílẹ̀ níwájú wa, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí jíà kẹta. Wọn kò dé jíà náà rí. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́ ariwo, afẹ́fẹ́ wọlé láti fèrèsé. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ohùn ìyá wa dára gan-an, n kò sì mọ̀ pé wọ́n mọ gbogbo orin bàbá wa.

Àwọn tó ń bá wa ṣiṣẹ́ lóko kó ọsàn kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí a ṣe ń múra àtipadà ni òjò rọ̀, òjò ńlá. Ó dá nígbà tó yá, ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lọ́nà oko wa kí èèyàn tó dé títì, amọ̀ pupa ni ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ọkọ̀ kan ti rì sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọkùnrin mélòó kan sì ń tì í. Wọ́n rí wa, wọ́n sì na ọwọ́ dá wa dúró. Ọ̀kan nínú wọn wá sójú fèrèsé, ó kí ìyá wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú wa bá yín gbé e gùn ún. Ibí yìí ò dáa."

Ìyá wa wo òkè náà. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà wọ́n, nítorí pé wọ́n ń jẹ inú ètè wọn. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ bá mi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́."

Jíà kìíní ni wọ́n gbé e sí. Wọn kò sáré, wọn kò dúró. Wọ́n fi táyà apá kan sórí koríko ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí ilẹ̀ ti le díẹ̀, wọ́n di sítíárìn mú ṣinṣin. Ìdí ọkọ̀ yọ̀ lọ sí òsì, ó yọ̀ padà, ọsàn díẹ̀ já bọ́ lẹ́yìn wa. Mo ti ń ké "Lá iláha" sínú. Ẹ́ńjìnnì ń kérora, a ń gòkè, a ń gòkè, títí iwájú ọkọ̀ fi rẹlẹ̀, tí mo rí ọ̀dà níwájú wa. Mo wẹ̀yìn. Àwọn ọkùnrin yẹn dúró sínú amọ̀, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n ń jù ú sí wa.

Ìyá wa kò wẹ̀yìn. Omi ń dà lójú wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ká ní bàbá yín rí mi."

Mo ní, "Ìyá wa, wọ́n á rí yín."

Ọjọ́ ọjà ni lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a wọ ọjà Odò-Orí, ọkọ̀ wa pupa fún amọ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, àwọn tó mọ ọkọ̀ náà kọ́kọ́ ya sápá kan bí wọ́n ti máa ń ṣe fún bàbá wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹni tó jókòó sí i. Obìnrin kan tó ń ta ata gbé ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó ni." Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ níwájú wa. Àwọn obìnrin dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kí ìyá wa kú iṣẹ́, wọ́n ń kí wọn kú ewu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó ti ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ láti ọjọ́ yìí ló kọ́kọ́ dé ẹ̀yìn ọkọ̀ láti bá wa sọ ọsàn kalẹ̀. Kí a tó mí, ọsàn ti tán.

Ọ̀nà ilé wa gba iwájú ilé ẹ̀gbọ́n bàbá wa. Wọ́n jókòó síta bí ìṣe wọn. Mo rò pé ìyá wa máa sáré kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n dúró, wọ́n pa ọkọ̀, wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kúnlẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lára aṣọ wọn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. A ti oko dé."

Bàbá àgbà náà wo ìyá wa, wọ́n wo ọkọ̀ náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ta ló wà á?"

"Èmi ni, sà."

"Òkè yẹn ńkọ́?"

"A gùn ún, sà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ó kọ́ ọ dáadáa." Wọ́n fi etí aṣọ nu ojú wọn, wọ́n ṣe bí ẹni pé eruku ló wọ̀ ọ́. Wọ́n wá ní, "Mo fẹ́ dé Ilé-Ogbó lọ kí àna mi lọ́la. Ṣé ààyè á wà fún mi?"

Ìyá wa ní, "Ààyè wà, Bàbá." Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ títa ọkọ̀ láti ọjọ́ náà.

Èmi ni mo takú pé ìyá wa gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ kí wọ́n tó tún gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́nà jíjìn. Inú wọn kò dùn sí i, wọ́n ní òkè amọ̀ kò bi àwọn ní ìwé, ṣùgbọ́n a lọ. Ọkùnrin tó ń yẹ awakọ̀ wò kéré sí mi lọ́jọ́ orí. Ó wo ìyá wa, ó wo fọ́ọ̀mù wọn.

Ó ní, "Màmá, ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ wo lẹ lọ?"

"Ọkọ mi ló kọ́ mi."

"Ṣé wọ́n wà níta? Ẹ lè pè wọ́n kí wọ́n wá fọwọ́ sí i."

"Wọ́n ti kú," ni ìyá wa wí. Wọn kò wí i bí ẹni tó fẹ́ sunkún. "Ẹ wọlé sínú ọkọ̀, ọmọ mi, kí n gbé yín yí ká. Ẹ óò rí bí wọ́n ṣe kọ́ mi."

Mo dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo ń wo píkọ́ọ̀pù búlúù náà bó ṣe ń lọ títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi padà dé. Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó sáré yí ká lọ ṣí ilẹ̀kùn fún ìyá wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ kí wọn bí ọmọ ṣe ń kí ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù wọn, ó sì sọ fún mi pé bàbá mi mọ iṣẹ́. Mo ní mo mọ̀.

Bí a ti ń bọ̀, a yà síbi tí wọ́n ti ń ta iyán. Ìyá wa wẹ ọwọ́ wọn, wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n tún ní kí wọ́n fi òmíràn sí i, pẹ̀lú ẹran. Wọ́n ń sọ ìtàn bàbá wa fún obìnrin oníyán tí wọn kò mọ̀ rí, obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ti gbàgbé àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù. Láti ọjọ́ tí bàbá wa ti kú, n kò tíì rí i kí ìyá wa jẹun báyẹn.